Lẹ́tà Yín: Eré Ìdárayá, Ìdánwò WAEC àti Ọ̀nà Yunifásítì

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé wá: ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn eré ìdárayá, tí òbí rẹ̀ sì fẹ́ kó wọ yunifásítì. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 15, SS 2 ló wà, eré 200 mítà àti 400 mítà ló ń sá, ó sì ti ṣojú ìpínlẹ̀ wa rí. Kóòṣì rẹ̀ fẹ́ kó máa wá sí pápá láàárọ̀ kùtù kó tó lọ síléèwé, kó tún padà wá nírọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìṣirò àti Físíìsì rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an ní táàmù tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ti fìbínú sọ pé kò sí eré sísá mọ́ nílé òun títí ọmọ yóò fi ṣe WAEC tán. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì sì ti wá bá mi pé òun yóò bá a gba sikọ́láṣíìpù sí yunifásítì Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ kí n san owó àkọ́kọ́ báyìí, kí òun sì máa gba ìdá kan nínú sikọ́láṣíìpù náà lọ́dọọdún. Ọmọ ń sunkún, èmi náà ò mọ ẹ̀yìn ta ni kí n wà. — Ìyá Eléré, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, ẹ kú ìdúró ti ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Mi ò fara mọ́ kí bàbá dá eré sísá ọmọ yìí dúró, mi ò sì fara mọ́ ètò tí kóòṣì gbé kalẹ̀. Lójú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kí ọmọ náà tọ̀, ìwé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, kóòṣì tí kò bá sì mọ èyí lè fi ìgbaradì àṣejù ba eré tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jẹ́.

NCAA ni àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yunifásítì ńláńlá Amẹ́ríkà, ìpele mẹ́ta ni ó sì pín wọn sí. Kí ọmọ tó lè díje fún yunifásítì ìpele kìíní, àjọ náà yóò yẹ èsì rẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ 16 tí wọ́n kà sí òpómúléró: Èdè Gẹ̀ẹ́sì ọdún 4, Ìṣirò ọdún 3, sáyẹ́ǹsì ọdún 2, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ọdún 2, àti ọdún 5 mìíràn láti inú irú àwọn ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 2.3 lọ lórí òṣùwọ̀n 4.0, ìpele kejì gba 2.2. Láti ọdún 2023 ni NCAA kò ti béèrè SAT tàbí ACT, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì Amẹ́ríkà, mọ́ fún àyẹ̀wò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan ṣì lè béèrè rẹ̀, èyí sì ti mú kí èsì kíláàsì túbọ̀ wúwo. Ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìyẹn JSS 3 lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí náà, Ìṣirò tó já wálẹ̀ ní SS 2 yìí ti wà lára ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò. Kì í ṣe ohun tí a lè gbàgbé kí a sì dúró de WAEC.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan lọ́sẹ̀ yìí gan-an: ẹ wá gbogbo ìwé èsì ọmọ náà jáde láti JSS 3, táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú àpò nylon kan náà pẹ̀lú rìsíìtì owó iléèwé àti káàdì àjẹsára ni àwọn ìwé yìí máa ń wà, títí eku tàbí òjò yóò fi dé ibẹ̀. Èyí tí kò bá sí, tàbí tí kò ní òǹtẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn tó mọ ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Ẹ wo ọjọ́ kan bí ẹ bá gba ètò kóòṣì wọlé. Ọmọ yóò jí ní aago 4:30, yóò wà lórí pápá títí di 6:30, yóò sáré wẹ̀, yóò jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà, yóò sì tò sórí ìlà ní ilé-ìwé pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ pupa lára bàtà. Nígbà tí olùkọ́ Ìṣirò bá fi máa wọlé, orí rẹ̀ ti wà lórí dẹ́sìkì. Aago 2 ni wọ́n jáde, lẹ́sìn gbà á títí di aago 4, pápá gbà á títí ilẹ̀ fi ṣú, bí iná bá sì wà nílé, yóò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí di aago 10. Oorun wákàtí 6 àbọ̀ ló kù fún un, nígbà tí àwọn oníṣègùn tó mọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà gbà pé wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò lóru. Ojú oorun ni ara ti ń tún iṣan tó rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ náà sì ni ọpọlọ ti ń fi ohun tó kọ́ pamọ́. Ètò yìí ń gba lọ́wọ́ ìwé, ó sì ń gba lọ́wọ́ eré.

Ẹ bá kóòṣì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi owó àpò ara wọn tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Kí ẹ ní kó fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kó fi iṣẹ́ tó gùn sí òwúrọ̀ Sátidé, kó yọ òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ ilé-ìwé kúrò pátápátá, kí ọjọ́ ìsinmi kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Lẹ́sìn Ìṣirò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ètò kóòṣì fúnra rẹ̀, kó mọ̀ pé bí lẹ́sìn bá bọ́ sí ọjọ́ pápá, pápá ni yóò yẹ̀. Tó bá wá di SS 3, kí ìdíje dínkù láti táàmù kejì, nítorí May àti June ni WAEC máa ń bọ́ sí, ọmọ kò sì lè wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò kó tún wà ní ibùdó ìdíje.

Ẹ sọ fún bàbá pé ìbẹ̀rù rẹ̀ kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n ẹ rán an létí ẹni tó ti ìlú yín jáde. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso, ó gba ìdíje NCAA nínú eré onídènà 100 mítà ní ọdún 2017, ní July 2022 ó sì sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Oregon, tí ẹ̀dá kankan kò sá rí. Yunifásítì yẹn náà ni Olapade Adeniken ti Òṣogbo lọ ṣáájú rẹ̀. Falilat Ogunkoya, tó gba idẹ nínú eré 400 mítà ní Atlanta ní 1996, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi ló lọ. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Lẹ́yìn tí ọmọ bá sì ti wọlé, ìwé kò ní fi í sílẹ̀: ní ìpele kìíní, ó gbọ́dọ̀ ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ dìgírì rẹ̀ kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 60 kí ọdún kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kó díje. Bí bàbá bá lè wá sí pápá ní Sátidé kan péré kó wo bí ọmọ yìí ṣe ń yọ ní kọ́nà kejì eré 400 mítà, mo gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn láti sọ.

Ní ti ọkùnrin tó ń béèrè owó, ẹ má san kọ́bọ̀. Òfin NCAA kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó tó so mọ́ iye sikọ́láṣíìpù tí ọmọ rí; ẹni tó bá gba ìdá nínú rẹ̀ ni NCAA ń kà sí ejẹ́ǹtì, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì lè gba ẹ̀tọ́ ìdíje lọ́wọ́ ọmọ yín kó tó sáré lẹ́ẹ̀kan. Kò sì sí ohun tí yóò ṣe tí ọmọ kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ ni yóò forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì NCAA. Ọmọ náà ló sì yẹ kó kọ ímeèlì sí àwọn kóòṣì yunifásítì ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó fi èsì ilé-ìwé, fídíò eré àti àkókò tó sá ránṣẹ́. Kí àkókò yẹn jẹ́ ti aago ẹ̀rọ. Aago ọwọ́ máa ń fi hàn pé eré yá ju bó ṣe rí lọ, débi pé wọ́n máa ń fi 0.24 ìṣẹ́jú àáyá kún ti 200 mítà, 0.14 kún ti 400 mítà, kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, ìdíje méjì tí aago ẹ̀rọ wà níbẹ̀ dára fún un ju mẹ́wàá tí kò ti sí lọ.

Ẹ tún mọ̀ pé sikọ́láṣíìpù eré sísá kì í sábà gbé gbogbo owó. Títí di 2025, sikọ́láṣíìpù 18 ni òfin gbà fún ẹgbẹ́ obìnrin kan ní ìpele kìíní, 12.6 fún ti ọkùnrin, kóòṣì sì lè gé e pín fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Òfin yẹn ti yí padà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di dandan kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀kún rẹ́rẹ́. Ìpele kẹta àti àwọn yunifásítì Ivy League (àwọn bíi Harvard àti Yale) kì í tilẹ̀ fúnni ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré. Ìrànlọ́wọ́ owó tiwọn ń tọ àìní ìdílé lẹ́yìn. Kí ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀ bóyá owó ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ, ìwé àti ìbánigbófò ìlera wà nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí. Láti 2025, ètò físà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ti le sí i, nítorí náà ẹ yẹ òfin tó wà lójú ìwé ìkànnì ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wò kí ẹ tó náwó, ẹ má sì ta ilẹ̀ nítorí ìlérí ẹnikẹ́ni.

Kí ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ fún JAMB pẹ̀lú. Àwọn yunifásítì wa ń díje ní NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, láti 1966, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ìbàdàn, ọmọ tó bá wọlé nílé lè máa sáré kó sì gba dìgírì, kó tún wá ọ̀nà òkè òkun lẹ́yìn náà.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 16. Ẹni tó ni akádẹ́mì tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kí n lọ ṣe ìwé ẹ̀jẹ́ ní kóòtù láti sọ ọ́ di ọmọ ọdún 13, kí ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS 1 nítorí pé àwọn tó ń wá ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ayò yóò wá láti Yúróòpù. Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. — Bàbá Agbábọ́ọ̀lù, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Irọ́ ni, ọmọ yín ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Òfin FIFA kò gba kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí kò kan irú tiyín. Bí ẹ bá sọ ọmọ ọdún 16 di 13, ọdún márùn-ún ló máa dúró kó tó pé 18 lórí ìwé, nígbà tí yóò ti pé 21 ní tòótọ́. Ta ni ìdúró yẹn ṣe láǹfààní? Láti ìgbà ìdíje ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, tí a gbà lálejò nílẹ̀ wa ní 2009, ni FIFA sì ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọdún 17 lọ. Egungun kò mọ ìwé ẹ̀jẹ́.

Ìwé ńkọ́? JAMB kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí nọ́ńbà NIN, ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN, èyí tó wà lórí WAEC àti èyí tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọmọ tó ní ọjọ́ orí méjì ti di ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ara rẹ̀, nílé àti lókè òkun, nítorí ejẹ́ǹtì tí kò ní sí nítòsí mọ́ nígbà tí àṣírí bá tú.

Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Níbẹ̀ ni Segun Odegbami ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ẹ̀rọ ní Políẹ̀kíníìkì nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars, òun náà ló sì jẹ góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1980. Nígbà tó fẹ́ dá akádẹ́mì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Wasimi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yín níbẹ̀, ilé-ìwé tí a ti ń kàwé tí a sì ń ṣeré ló dá. Akádẹ́mì tó bá ní kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ kó padà sí SS 1, kó sì wá ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn aago ilé-ìwé.

A ń gbé ní Houston. Ọmọ wa wà ní kíláàsì kẹwàá, ó ń gbá basketball fún ilé-ìwé rẹ̀ àti fún ẹgbẹ́ AAU, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ilé-ìwé. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ la fi ń wà ní hòtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú mìíràn. Kíláàsì AP mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó tó ti yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama, ló ń ṣe, ó fẹ́ ka ẹnjinníà. Bàbá rẹ̀ ní owó tí à ń ná sórí bọ́ọ̀lù yìí tó san owó yunifásítì fúnra rẹ̀. — Màmá Tèmi Náà, Texas

Màmá, ọkọ yín sọ òtítọ́ kan tó yẹ kí a gbọ́. NCAA fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí 2 péré nínú 100 ọmọ tó ń ṣeré ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ń rí sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá gbà, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ẹ bá ń ná owó hòtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó ń fi owó pamọ́ fún yunifásítì, ẹ dá a dúró. Bí ẹ bá ń ná an nítorí pé inú ọmọ ń dùn, pé ó ń kọ́ ìfaradà, pé ó ní ọ̀rẹ́ gidi nínú ẹgbẹ́ náà, ìyẹn jẹ́ ohun tí òbí lè yàn láti ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìwọ̀n tí àpò yín lè gbé sí i.

Texas tí ẹ wà ní òfin tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 lọ nínú ẹ̀kọ́ kan kò ní bá ilé-ìwé rẹ̀ díje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Òfin NCAA jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́wàá nínú ẹ̀kọ́ 16 tí mo kà lókè gbọ́dọ̀ ti parí kí ọdún tó kẹ́yìn girama tó bẹ̀rẹ̀, méje nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, máàkì tó bá sì wà nínú wọn lọ́jọ́ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́ fún ìpele kìíní. Ẹ jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀ ní táàmù yìí kí ẹ ka ẹ̀kọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Hakeem Olajuwon, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú basketball lẹ́yìn náà, tó ti Èkó wá sí Yunifásítì Houston ní 1980, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan fún wọn ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé NCAA kò tíì fọwọ́ sí i. Ó dúró, ó ń ṣe ìgbaradì, ó ń lọ sí kíláàsì. Mo sọ èyí fún yín nítorí ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ òbí AAU ní, pé bí ọmọ bá pa ìdíje ìgbà ẹ̀rùn kan jẹ, gbogbo rẹ̀ ti bọ́. Àwọn oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kó sì fi oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ọdún jìnnà sí eré kan ṣoṣo tó ń ṣe, nítorí orúnkún àti ẹ̀yìn ọmọ tó ṣì ń dàgbà.

Ní ti ẹnjinníà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dáradára kan wà ní ìpele kẹta, MIT wà lára wọn, tí ọmọ ti lè gbá basketball kó sì ka ẹnjinníà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi sikọ́láṣíìpù halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi orúkọ irú wọn kún àkọsílẹ̀ àwọn yunifásítì tí ọmọ yín fẹ́ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì pe ọmọ jókòó kí ẹ tó san owó ìgbà ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán kí bàbá tó sọ iye tí hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́.